Ilẹ̀ Tí A Gbá fún Àlejò

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀wé kà. Mo mọ̀ ọ́n kà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi jókòó níléèwé Faransé, mo sì wà lára àwọn obìnrin díẹ̀ ní ọjà Arzèkè ní Parakou tó lè ka ìwé tí méérì, ìjọba ìlú, bá lẹ̀ mọ́ ògiri láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi ìwé kíkà yẹn ṣe fún ìyá mi ni mo fẹ́ sọ. Kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, á há mi lọ́fun.

Àràmọ́tù ni orúkọ ìyá mi. Ní Titirou, àdúgbò wa, ẹ kàn ní ẹ ń wá Ìyá Oníbidọ́ọ̀nù, ẹnikẹ́ni á mú yín délé wa. Bidọ́ọ̀nù ni àwa ń pe ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kẹ́ẹ̀gì. Ìyá mi ń ra àlòkù bidọ́ọ̀nù, ìgò omi oníke, bàtà rọ́bà tó ti já àti àwo ike tó ti fọ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà wọ́n kiri ìgboro. Èyí tó bá ṣì ṣeé lò, á fi iyanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí tí á fi dà bíi pé àná ni wọ́n rà á, á sì tà á fún àwọn olóróró. Èyí tó bá ti bàjẹ́, á dì í sínú àpò ńlá, ọkọ̀ á wá kó o lọ sí apá ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè, níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ ṣe ike mìíràn. Ilẹ̀ gbọọrọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló ti ń ṣe é. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa, ti ìjọba ìlú ni. Ṣẹ́ẹ̀fù, olórí àdúgbò wa, ló ní kó máa lò ó nígbà tí bàbá mi kú, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé.

Bí ẹ bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó bá ìyá mi lórí àpótí, ọwọ́ méjèèjì nínú bàsíà omi, àti rédíò kékeré kan tó fi okùn so kọ́ igi mángòrò lókè orí rẹ̀. Èdè Dẹ́ńdì ni rédíò náà ń sọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ò gbọ́ ju "bọ́ńjúù" lọ nínú Faransé, ṣùgbọ́n inú ọjà Parakou ni wọ́n bí i sí, Dẹ́ńdì ló sì fi ń nájà láti kékeré. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ń gbọ́ ọ ju Yorùbá lọ. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Èmi ọ̀mọ̀wé.

Iṣẹ́ yẹn ló tọ́ mi. Òun ló rán mi níléèwé, òun náà ló ra àwọn aṣọ tí mo kọ́kọ́ fi pàtẹ ní Arzèkè. Síbẹ̀, ojú iṣẹ́ náà ń tì mí. Bí mo bá jókòó láàárín àwọn aláṣọ ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá béèrè ohun tí Màmá ń ṣe, màá ní, "Ó ti ń sinmi ní tiẹ̀." Àwọn àgbà ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ti èmi le ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò fi ọwọ́ kankan júwe é.

Ìtìjú mi ì bá ṣì wà níwọ̀n, bí kò bá ṣe ti Lùbàbà. Lùbàbà ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ùsámà, ọmọ Àlàájì Zàkárí tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ẹrù lọ sí Màláńvílù, ló fẹ́ fi í ṣaya. Ẹni tó bá mọ Parakou mọ̀ pé ẹni tó fọmọ sílé Zàkárí ti sinmi. Nígbà tí ìyàwó Àlàájì bi mí nípa ìdílé wa, irọ́ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Mo ní aṣọ ni ìyá mi tà títí tó fi dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí dára, àwọn á wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí àwọn mọ ilé.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí ìwé kan lára ògiri ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò wa. Mo dúró kà á. Ó ní ìjọba ìlú fẹ́ mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kó pàǹtí jọ àti ibi tí wọ́n ti ń sọ àlòkù di ọ̀tun. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á dé Titirou lọ́jọ́rùú. Ibi tí wọ́n bá bá iṣẹ́ níbẹ̀, wọn á kọ orúkọ ẹni tó ni ín, á gba káàdì, á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ lójú kan náà. Ibi tí wọn ò bá bá iṣẹ́ níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ṣe é níbẹ̀ mọ́ láti oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan: kí onílé má ṣe kó ohunkóhun kúrò, ohun tí a bá bá nílẹ̀ la ó kọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìyá mi fẹ́ di iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè lé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ gidi ì bá sáré lọ sílé lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀, mo ń wo ògiri yẹn, mo sì ń rí orúkọ wa lórí rẹ̀: Àràmọ́tù, oníṣòwò pàǹtí, Titirou. Mo rí Àlàájì Zàkárí tó wá san owó orí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró kà á. Mo rí ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó gbé léèsì ẹ̀ kọjá láàárín òkìtì bàtà rọ́bà. Mo sọ fún ara mi pé ìwé ìjọba ṣeé tún ṣe, ìgbéyàwó tó bá bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Mo ní tí a bá ti soyìgì tán, màá lọ ṣàlàyé fún wọn. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń fi àlàyé tan ara rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń fọ bidọ́ọ̀nù òróró kan.

Mo ní, "Màmá, ìwé ti dé láti méérì o. Wolé-wolé ń bọ̀ lọ́jọ́rùú. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá bá pàǹtí lọ́dọ̀ rẹ̀ á rí pípọ́n ojú wọn. Wọ́n ní kí gbogbo ilẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́.

"Ohun tí ìwé náà sọ nìyẹn?"

"Ohun tó sọ nìyẹn, Màmá."

"O kà á dáadáa, Hàníyyà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó gbọn omi kúrò lọ́wọ́, ó nu ún sí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Bí ìwé bá ti wí bẹ́ẹ̀, a ó gbá a."

Ẹ̀rù wolé-wolé kì í ṣe ohun kékeré ní àdúgbò wa. Láyé àwọn òbí wa, bí wolé-wolé bá wọ ojúde, ilé kan á ta ilé kejì lólobó, wọn á bo ìkòkò omi, wọn á gbá ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ilé rẹ̀ bá sì dọ̀tí jù, àwọn aládùúgbò á jẹ́rìí fún un pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ni. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún Bàbá Gàní, tó ń lẹ táyà ní iwájú ilé wa, kò béèrè ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ju táyà sílẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì. Sàlmà tó ń gbé ilé kejì mú ìgbálẹ̀ wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Gbogbo wọn ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo ìyá wa láṣìírí, èmi náà ń ṣe àmín. Mi ò mọ bí ẹnu mi ò ṣe wọ́.

Ọjọ́ méjì la fi kó o. Oníbàárà tó máa ń wá láti ìsàlẹ̀ gbọ́ pé a fẹ́ palẹ̀ mọ́, ó wá, ó rí ojú wa, ó sì mọ̀ pé a ò lè dúró. Owó yẹpẹrẹ ló fi kó gbogbo àpò tí ìyá mi ti dì jọ láti ìgbà ọyẹ́. Àwọn bidọ́ọ̀nù tó ti fọ̀ tán, a pín wọn fún àwọn aládùúgbò. Èyí tó kù, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó o lọ dà nù lẹ́yìn ìlú. Lùbàbà ń bi mí ṣáá pé, "Ìyá, gbogbo rẹ̀ náà ni?" Mo jágbe mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun ní nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ náà mọ́. Fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ pupa tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbá igun tó kù, ó ń fi ẹ̀yìn rìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ba ojú ìgbálẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tú rédíò kúrò lórí igi, ó fi etí aṣọ nu ún, ó sì gbé e wọlé.

Ọkùnrin tó wá lọ́jọ́rùú ń jẹ́ Ọlátúndé. Ọmọ Ìdàáṣà ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mu omi, ó wá ní, "Màmá, wọ́n ní ibí ni Ìyá Oníbidọ́ọ̀nù wà. Níbo lẹ ń kó ọjà yín sí?"

"Ọjà wo, ọmọ mi? Ẹ wo ilẹ̀. Ṣé ẹ rí bidọ́ọ̀nù?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo èmi náà. "Táǹtí, ẹ rí ìwé tí a lẹ̀?"

"Mo rí i."

"Ó yé yín?"

"Ó yé mi."

Ó kọ ohun tó rí: kò sí iṣẹ́ níbí. Ó wá fa okùn ìwọ̀n jáde, ó wọn ilẹ̀ náà ní ìbú àti ní gígùn, ó wo ẹnu ọ̀nà tó já sí títì. Ó ní, "Mi ò tíì rí ilẹ̀ tó mọ́ báyìí ní gbogbo Titirou. Ọkọ̀ ńlá gan-an á wọ̀ ọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń yìn wá ni.

Ọjọ́ Àìkú dára. Mi ò ní purọ́ mọ́, ó dára gan-an. Àwọn ará ilé Zàkárí dé pẹ̀lú obì àti ẹ̀rín, wọ́n ní ilé wa mọ́, wọ́n ní ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n ta ìbòrí sí lọ́jọ́ ìsoyìgì. A fi í sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó Àlàájì fa ọwọ́ ìyá mi mọ́ra, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín mà le o!" Ìyá mi rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Aṣọ ni, ọmọ mi. Aṣọ tí mo ká tí mo tún tú ká kì í ṣe díẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ irọ́ aṣọ yẹn létí rẹ̀. Mo rò pé Lùbàbà ló sọ fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìwé mìíràn dé orí ògiri. Èmi nìkan ni mo lọ. Orúkọ àwọn tó gba káàdì wà lókè, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Jùgú, méjì nítòsí ibùdókọ̀, orúkọ ìyá mi ò sí níbẹ̀. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Mo fẹ́ yí padà kí n tó rí abala kejì, níbi tí wọ́n kọ àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ti yàn, tí àwọn tó ń kó pàǹtí láti ilé dé ilé á máa dà á sí kí ọkọ̀ ńlá tó wá gbé e. Ó kà báyìí: Titirou, ilẹ̀ ìjọba tó ṣófo, tó mọ́, tí ọkọ̀ lè wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Àràmọ́tù. Ẹni tó bá ní àròyé, ọjọ́ méje ni wọ́n fún un.

A ti gbá ilẹ̀ náà mọ́ débi pé òun ló yẹ jù láti di ààtàn. Káàdì tó tọ́ sí ìyá mi ni mo sì ti fi ọwọ́ ara mi fún ẹlòmíràn.

Mo wọ inú ọ́fíìsì náà lọ bá Ọlátúndé. Mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, irọ́ tí mo pa àti ìdí tí mo fi pa á. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ó ní, "Táǹtí, ohun tí mo fojú mi rí ni mo kọ. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n mo lè padà wá. Bí àwọn ará àdúgbò bá jẹ́rìí pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, tí Màmá fúnra wọn sì sọ ọ́ lẹ́nu, màá kọ ọ́, màá sì mú un lọ bá àwọn ọ̀gá mi. Ọjọ́bọ̀ ni màá wá."

Ó yẹ kí n ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ Bàbá Gàní, kí n sọ fún un pé kò sí wolé-wolé, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mi ò lọ. Mo rò ó pé bí mo bá sọ fún Sàlmà láàárọ̀, ìyàwó Àlàájì á gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Mo tún rò pé ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀, kò sí ẹni tó máa sẹ́ ẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ṣebí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Wọn ò sọ pé irọ́ lè ti dé ẹnu ọ̀nà kó máa dúró de òtítọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Gàní ni Ọlátúndé kọ́kọ́ yà sí. Èmi tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màmá yìí máa ń ra àlòkù ike àti bidọ́ọ̀nù níbí?"

Bàbá Gàní gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde dúró. "Ta ni? Ìyá wa? Wàláhì, láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, mi ò rí pàǹtí lọ́dọ̀ rẹ̀ rí."

Mo ní, "Bàbá Gàní, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn!"

"Òtítọ́ ni mo sọ yẹn." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi, ó ṣẹ́jú sí mi kan báyìí. Mo mọ ohun tí ojú náà ń sọ: fọkàn balẹ̀, a ò ní jẹ́ kí wọ́n mú ìyá ẹ.

Sàlmà ń ti ibi ẹ̀rọ omi bọ̀, bidọ́ọ̀nù ìyá mi lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí a pín lọ́jọ́ náà. Ọlátúndé béèrè lọ́wọ́ òun náà. Sàlmà ní, "Ìyá wa tó mọ́ tónítóní yìí? Hà, mèsíyọ̀, ta ló ń ba ọmọlúwàbí jẹ́ lójú yín?" Omi ń kán sí i léjìká bó ṣe ń búra. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mi ò rí èyíkéyìí ṣe. Ta ni màá bá wí? Èmi ni mo kó ẹ̀rù bá wọn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn.

Ó wá ku ìyá mi nìkan. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Lùbàbà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe máa ń ṣe nǹkan rẹ̀, Ùsámà náà wà níbẹ̀. Òun àti ẹnì kan tó ń yá ni ní ìbòrí ló wá wo ibi tí wọn á ri òpó sí. Kò tíì gbọ́ ohun tó wà lára ògiri. Ó ń rìn lórí ilẹ̀ pupa náà, ó ń ka ìṣísẹ̀.

Ọlátúndé lóṣòó síwájú ìyá mi. "Màmá, ọmọ yín wá bá mi. Ó ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ ti ń ṣe iṣẹ́ ike níbí, òun ló ní kí ẹ kó o kúrò kí n tó dé. Ṣé òtítọ́ ni? Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ yìí á padà sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

Ùsámà ti dẹ́kun ìṣísẹ̀ kíkà. Ó yíjú sí wa.

Ìyá mi wo Ùsámà. Ó wo Lùbàbà. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ojú rẹ̀ ò le, kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi fẹ́ràn mi ni, mèsíyọ̀. Ó rí i pé mi ò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ó ń wá ohun tó máa fún mi. Èmi ò ṣe iṣẹ́ pàǹtí rí."

Ọlátúndé yíjú sí mi. Ó dúró dè mí. Mo mọ̀ pé ó dúró dè mí, nítorí ó gbé bíírò ọwọ́ rẹ̀ sókè, kò tíì kọ nǹkan. Gbólóhùn kan péré ni: ìyá mi ń purọ́ nítorí mi. Mo ní in lẹ́nu. Ùsámà ń wò mí, Lùbàbà ń wò mí, mo sì pa ẹnu mi dé.

Ìyá mi fi àtàǹpàkò tẹ ìwé náà. Ọlátúndé fún un ní aṣọ kékeré láti fi nu tàdáwà kúrò, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ.

A soyìgì Lùbàbà. Àgbàlá Àlàájì Zàkárí la ti ṣe é, nítorí wọ́n ti fi wáyà yí ilẹ̀ wa ká. A sọ fún wọn pé ìjọba ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, gbogbo wọn sì káàánú wa. Ó wù wọ́n pé a fi sùúrù gbà á. Ọmọ mi rẹwà lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ dùn, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní kí Ọlọ́run bo àṣírí ìdílé wa, àmín mi ni kì í jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí síbẹ̀. Mi ò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Mo bá ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín òkìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n dà, bidọ́ọ̀nù òróró kan yí jáde, ó dúró síbi wáyà, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ìyá mi dìde. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun dìde, ẹsẹ̀ ló gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ wáyà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó ní káàdì nìkan ló lè mú nǹkan níbí." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí. Ìyá mi ní kò burú, ó ṣeun, ó sì padà wá jókòó.

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ yẹn kì í gbẹ. Ní báyìí ó ti gbẹ, ó ti ń funfun létí èékánná. Mi ò lè fara dà á mọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ìwé ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ohun tí mo sọ fún yín ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọlátúndé ló sọ fún yín?"

"Rédíò ti kà á ní Dẹ́ńdì láti ọjọ́ Jímọ̀, Hàníyyà. Ìwọ gbé tìrẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á. Wọ́n ní kí onílé má kó nǹkan kan kúrò." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí ọṣẹ jẹ́ lọ́jà. "Mo ti ń to àwọn bidọ́ọ̀nù sí ìlà dè wọ́n. O ò rí i pé mo ti tò wọ́n?"

Mi ò rí i. Àwọn bàtà rọ́bà nìkan ni mo rí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan, Màmá? Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ dà nù?"

"Mo bi ọ́ bóyá o kà á dáadáa. Mo fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́. O ní ẹ̀ẹ̀mejì lo kà á." Ó mí sínú. "Ọmọ tó ka ohun tó dára fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún lè wojú ìyá náà purọ́, ojú ìyá rẹ̀ ló ń tì í. Mo wá rò ó pé kí ni màá fi bidọ́ọ̀nù ṣe, bí ọmọ mi ò bá lè júwe ilé mi?"

Mo sunkún níbẹ̀, lójú ọ̀sán, lójú ọkùnrin tó ń ṣọ́ wáyà àti lójú Bàbá Gàní tó rò pé òórùn ló ń dà mí láàmú. Ìyá mi ò dá mi lẹ́kun, kò sì bá mi wí. Ó wọlé lọ gbé rédíò rẹ̀ jáde. Kò sí igi tó lè so ó kọ́ mọ́, igi mángòrò ti wà nínú wáyà. Ó gbé e sórí itan, ó tàn án, èdè Dẹ́ńdì ń tú jáde.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo ní, "Màmá, kí ni wọ́n ń wí?"

Ó ní ìkéde ni. Ẹnì kan ní àdúgbò Bánníkánnì ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù, abo ni, dúdú, etí òsì rẹ̀ funfun, okùn pupa wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó bá rí i kó mú un lọ sọ́dọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù àdúgbò. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, kò sì fi ọ̀kan kún un.